Ọdún 2025 ti ń parí lọ: ibo lẹ rìn dé, kí lojú yín rí?

Àkànbí Òkè-Àdó: Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ ibi tó dé lọ́dún yìí, ìbáà ṣe ọdún ìbílẹ̀, òkè, odò, ilé àṣà tàbí ìlú òkèèrè. Kí n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Ọba Ládọjà gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní Mápó, 26 September, mo wà níbẹ̀. Mi ò rí adé o. Ìpàkọ́ àwọn èèyàn ni mo rí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìlù, ó sì tó mi.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀ṣun: Ìwọ rí ìpàkọ́. Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun, tí Arugbá, ọmọge tó ń ru igbá Ọ̀ṣun, ń kọjá l'Óṣogbo ní August, fóònù nìkan lèmi rí.

Sísí Ìjẹ̀bú: Òjúde Ọba ni tèmi, 8 June. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ́ dáadáa. A ti jókòó láti òwúrọ̀ kùtù. Regbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, kọ̀ọ̀kan ń wọlé pẹ̀lú aṣọ tiwọn, ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ ń jó bí ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ. Nígbà tó wá kan àwọn ẹlẹ́ṣin! Ẹṣin ilé balógun kan fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì dúró níwájú wa gan-an, ẹni tó gùn ún ò mira, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ nìkan ló ń mì. Eruku bo gbogbo wa. Obìnrin tó jókòó tì mí fi etí gèlè tuntun nu imú, kò tiẹ̀ bìkítà. Kò pẹ́ rárá sígbà yẹn, 13 July, ni Ọba Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú, wàjà. Láti 1960 ni Kábíyèsí ti wà lórí oyè o. Màmá mi ò mọ Awùjalẹ̀ mìíràn láyé wọn.

Bàbá Aláwàdà: Àwọn Ìjẹ̀bú àti aṣọ! O ò sọ iye tẹ́ ẹ rán an.

Sísí Ìjẹ̀bú: Owó tiwa, ẹnu tiyín.

Alfa Òkè-Súnà: Ẹ má sọ ọ́ di ti aṣọ nìkan. Àwọn Mùsùlùmí Ìjẹ̀bú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fàyè gbà wọ́n láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá. Balógun Kúkù ni ẹ bá béèrè nínú ìtàn.

Bàbá Aláwàdà: Alfa, a ti gbọ́. Èló ni wọ́n rán an?

Ọmọ Olókè: Ẹ gbọ́ tèmi. Oṣù April, a kó ara wa lọ Òkè Ìdànrè: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ, àti màmá ìyàwó mi. A ní kí Màmá dúró nínú mọ́tò nísàlẹ̀, wọ́n yarí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé ibẹ̀ mọ̀ pé àtẹ̀gùn yẹn lé ní ẹgbẹ̀ta. Èmi ti ń mí hẹlẹhẹlẹ níbi ìsinmi àkọ́kọ́. Màmá? Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ibi ìsinmi tá a bá dé, Màmá ti jókòó níbẹ̀, wọ́n ń gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára ìró. A dé òkè, a rí ààfin Ọwá àtijọ́, a rí ilé ẹjọ́ àtijọ́, ó dùn. A wá dé ibi ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agboògùn lára àpáta. Ẹni tó ń mú wa kiri ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, ti ọmọdé ti àgbà, àyàfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́. Ìyàwó mi tẹ̀ ẹ́. Ó kan Màmá. Màmá wo ojú ẹsẹ̀ náà, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ní "Ẹsẹ̀ ń dùn mí." Wọ́n yí padà.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀ṣun: Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n kẹ̀? Ẹsẹ̀ tó ti fi gbogbo àtẹ̀gùn jẹ ẹ̀pà?

Bàbá Aláwàdà: Ọ̀gbẹ́ni, o ṣì ń sùn nílé yẹn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi ìyá ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ jàre. Ọmọ Olókè, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? O tẹ̀ ẹ́?

Ọmọ Olókè: Èmi ni mò ń ya fọ́tò.

Ìyá Ìbejì: Áàà!

Bàbá Aláwàdà: Ẹni tó ń ya fọ́tò!! A ti rí i o. Màmá ti rí i tipẹ́, ìdí tí wọ́n fi wò ó lójú nìyẹn.

Jagun Ìdànrè: Ọmọ ìlú ni mí. Orí òkè yẹn làwọn baba wa ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ yẹn dá ẹjọ́ fún ìyá ẹnikẹ́ni nílé wa. Àwọn tó ń mú àlejò kiri ló fẹ́ràn ibẹ̀, torí pé ẹni tó bá rẹ́rìn-ín á tètè fọwọ́ sápò. Ṣé ó mú yín dé ibi ìkọ̀wé tẹ́nikẹ́ni ò lè kà?

Ọmọ Olókè: Ó ní kí á fi nǹkan kún un.

Jagun Ìdànrè: Mo wí bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Jọ́gíráfì: Kí á má tanra wa. Ihò lára àpáta ni, òjò àti oòrùn ló gbẹ́ ẹ.

Jagun Ìdànrè: Òjò wo ló mọ ẹsẹ̀ gbẹ́?

Tíṣà Jọ́gíráfì: Òjò tó pẹ́.

Ìyá Ìbejì: Lórí ọ̀rọ̀ owó yẹn: ibì kan wà tí mi ò ní dárúkọ. A sanwó ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gba owó mọ́tò. Wọ́n gba owó kámẹ́rà. A tún dé inú, ọkùnrin kan jókòó sórí àga, ó ní kí á san ti "àwọn àgbà". Mo ní àwọn àgbà dà? Ó ní òun ni.

Sísí Ìjẹ̀bú: Dárúkọ ibẹ̀!

Ìyá Ìbejì: Mi ò dárúkọ.

Àjàní London: Ọ̀fẹ́ ni tiwa níbí o. Mo wọ British Museum, mo lọ wo orí idẹ Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde lágbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi kí n tó rí nǹkan baba mi.

Bàbá Aláwàdà: Wọ́n mà ṣeun o.

Ọmọ Bàhíà: Salvador ni mo wà ní 2 February, ọjọ́ Yemọja ní Rio Vermelho. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ táwọn èèyàn ti tò lọ bẹẹrẹ pẹ̀lú òdòdó, dígí àti lọ́fínńdà, aṣọ funfun àti aṣọ aró ni gbogbo wọn wọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló kó ẹrù náà lọ sójú òkun. Ṣùgbọ́n ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àkàrà. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ó wá tóbi bí ìkúùkù, wọ́n á là á láàárín, wọ́n á kó edé gbígbẹ sí i.

Tíṣà Jọ́gíráfì: Àkàrà tí wọ́n là nínú kì í ṣe àkàrà mọ́.

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀ṣun: Tíṣà, ìwọ tó ń ki àkàrà bọ búrẹ́dì ńkọ́? Ìyá àgbà mi fi epo pupa dín àkàrà títí wọ́n fi kú, ti Ọya ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ará Bàhíà ò gbàgbé. Àwa la lọ ra òróró.

Tíṣà Jọ́gíráfì: Búrẹ́dì yàtọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kí ẹ tó jà. Èyò ń bọ̀ l'Ékòó ní 27 December, mo fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ. Kí ni a ò gbọdọ̀ wọ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Bàtà. Fìlà. Gèlè. Má gbé agboòrùn, má mu sìgá, má gun ọ̀kadà dé ibẹ̀. Ọ̀pámbàtà, ọ̀pá ọwọ́ Èyò, ò mọ ẹni tó ti Ìbàdàn wá.

Ìyá Ìbejì: Irun ńkọ́? Ṣùkú ni mo dì fáwọn ọmọ, àná ni.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Tú u.

Ìyá Ìbejì: Orí méjì ni o! Owó tí mo san ńkọ́?

Bàbá Aláwàdà: Lọ sọ fún ọkùnrin orí àga yẹn, kó dá owó àwọn àgbà padà fún ọ.