Ta ló mọ ẹni tó lè wá ibi tí gáàsì AC ọkọ̀ mi ti ń jò? (Sùúrùlérè tàbí Yábàá)

ÌyáÌbejì_Yábàá: Ẹ kú ilé o. Corolla 2005 ni mo ń wà. Láti oṣù Kejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti rọ gáàsì sí AC. Á tutù nini fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn ìyẹn, ooru ni. Lánàá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká wa mọ́ orí Third Mainland, àwọn ọmọ ń làágùn lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń sè. Ẹni tó ń rọ gáàsì fún mi ní compressor, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri, ni ká pààrọ̀. Ẹ júwe ẹni tó mọṣẹ́ fún mi, ẹ jọ̀ọ́.

Rewaya_Múṣín: Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ má tíì ra compressor kankan. Tó bá ń tutù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. AC kì í jẹ gáàsì bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń jẹ epo, inú páìpù kan náà ló ń yí po. Tó bá ti dín, ó gba ibìkan jáde.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Òróró ń bá gáàsì rìn, torí náà ibi tó ń jò á máa dán fún epo, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wo gbogbo ibi tí páìpù ti so pọ̀, ẹ wo condenser (ibi tí gáàsì ti ń tú ooru ẹ̀ dànù) níwájú radiator, òkúta ojú ọ̀nà máa ń lu ìyẹn. Ẹ wá po ọṣẹ ìfọbọ́ kó ki, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Ẹ má gbàgbé ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ gáàsì: fáàfù kékeré kan wà nínú ẹ̀, ó jọ ti táyà. Gáàsì gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù díẹ̀ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọṣẹ ò ní sọ nǹkan kan.

Àgbà_Ojúẹlẹ́gbá: Ọṣẹ ò lè dé ọ̀dọ̀ evaporator, ibi tí afẹ́fẹ́ AC ti ń tutù; abẹ́ dashboard nìyẹn wà. Òun ló dààmú mi. Wọ́n fi àwọ̀ UV, tó máa ń tàn tí iná UV bá kàn án, sínú AC, mo wakọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n wá tan iná ẹ̀ sí i lálẹ́. Omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ ló tú àṣírí, ó ń tàn bí ewé tútù.

Wọ́n tún lè rọ nitrogen, gáàsì tí kì í gbiná, sínú páìpù láti dán an wò. Ẹni tó bá gbé sìlíńdà ọ́síjìn wá dípò ẹ̀, ẹ lé e! Ọ́síjìn àti òróró lè bú gbàù.

Ọmọ_Èkó_Gidi: Gáàsì R134a ni AC ọkọ̀ yẹn ń lò, iye gíráàmù tó ń gbà sì wà lára bébà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó kàn ń fọwọ́ kan páìpù láti mọ̀ bóyá ó ti tó, àbá ló ń dá. Oògùn inú agolo tí wọ́n ní ó ń dí ihò, ẹ má gbà á, ó lè dí AC fúnra ẹ̀.

ÌyáÌbejì_Yábàá: Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo kán omi ọṣẹ sí fáàfù kékeré yẹn láàárọ̀, ó ń hó bí ọmọ ọwọ́ tó ń fi itọ́ ṣeré. Ṣé fáàfù yẹn nìkan ni wọ́n á pààrọ̀?

Rewaya_Múṣín: Òun àti ìdérí ẹ̀ tó ní rọ́bà. Àmọ́ wọ́n á kọ́kọ́ fa gáàsì tó kù jáde, ẹ má tú u fúnra yín, ó lè jó yín lọ́wọ́ bíi yìnyín. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹ̀, kí vacuum pump fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n pa á, kí ẹ̀yin náà dúró wo géèjì. Tí ọwọ́ géèjì bá ń padà sí òdo, ibòmíì ṣì ń jò. Ẹni tó ní pump àti nitrogen ní ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ lọ bá. Ẹni tó ní agolo gáàsì nìkan, ẹ kí i, kẹ́ ẹ kọjá.

ÌyáÌbejì_Yábàá: Ó dáa. Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni mo ń lọ ní Sátidé.

Àgbà_Ojúẹlẹ́gbá: Ẹ tètè jí o, kí oòrùn tó mú.