Ọmọ mi já bọ́ lórí igi máńgòrò, ọwọ́ ẹ̀ wú: ṣé ó dá ni àbí ó kàn rọ́?

Ìyá Àyọ̀
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, já bọ́ lórí igi máńgòrò nírọ̀lẹ́ àná, àtẹ́lẹwọ́ ló fi gbalẹ̀, látìgbà yẹn ni ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ti wú, tí mo bá fọwọ́ kàn án lápá ibi àtàǹpàkò á figbe ta, àmọ́ ó ń gbé ìka ẹ̀ dáadáa, ìyẹn ni ìyá ọkọ mi ṣe ní kò dá, wọ́n ti gbé omi kaná, òrí ti wà nílẹ̀, wọ́n fẹ́ wọ́ ọ fún un. Bàbá ẹ̀ ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ládùúgbò. Mi ò fẹ́ máa bá àgbà jiyàn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé ọwọ́ tó dá ṣì lè máa gbé ìka?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ó lè gbé e dáadáa mà. Iṣan ló ń fa ìka, eegun ọrùn ọwọ́ lè ti dá kí ìka ṣì máa ṣiṣẹ́, pàápàá eegun ọmọdé tó máa ń sán lápá kan bí igi tútù láì ṣẹ́ tán. Ẹ bẹ màmá dáadáa kí wọ́n má wọ́ ọ o, torí eegun tó kàn sán lè wá yẹ̀ kúrò níbi tó wà. Tó bá ti wú, tó ń dùn ún lórí eegun gan-an, tí kò lè fi ọwọ́ yẹn gbé ife omi, ẹ mú un bí ẹni pé ó ti dá títí X-ray á fi sọ pé rárá. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ bọ́ ohunkóhun tó bá wà lọ́rùn ọwọ́ ẹ̀, ẹ fi páálí tó le gbé apá náà látìgbọ̀nwọ́ dé àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi aṣọ wé e láì fún un jù, kẹ́ ẹ fi ìborùn gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Yìnyín tẹ́ ẹ fi aṣọ wé ló yẹ kẹ́ ẹ gbé lé e, kì í ṣe omi gbígbóná.

Ará Ìbàdàn
Ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì o. Ọmọ àbúrò mi kan tí ọ̀kadà gbé ṣubú, igi pẹlẹbẹ ni àwọn tó ń to eegun fi di apá ẹ̀, wọ́n dì í le dan-in, ó ń ké mọ́jú wọ́n ní kó mú ara le, nígbà tílẹ̀ máa mọ́ ìka ẹ̀ ti tutù, ó ti kú tipiri. Ọsibítù ni wọ́n ti tú u, wọn ò gé apá náà, a dúpẹ́, àmọ́ ìka ẹ̀ ò nà tán mọ́ títí dòní. Mi ò bú àwọn tó ń to eegun, ìdílé wa náà ń ṣe é, ṣùgbọ́n ojú lásán ò rí inú ara.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Bí POP ọsibítù, ìyẹn ohun funfun tó máa ń gan tí wọ́n fi ń di eegun tó dá, bá fún jù, ohun kan náà ló lè ṣe. Tí ìrora bá ń le sí i dípò kó rọlẹ̀, tí ìka tutù tàbí tó kú tipiri, tí ọmọ ò jẹ́ kẹ́ ẹ na ìka òun, ẹ padà sí ọsibítù lóru ọjọ́ náà, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, torí láàárín bíi wákàtí 6 ẹran inú apá lè ti máa kú. Bákan náà tí eegun bá yọ síta: ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ má tì í padà. Àgbàlagbà tó bá sì yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ tó tún yí síta, ẹ má fà á dìde, eegun ìbàdí ló sábà máa ń jẹ́.

Ìyá Àyọ̀
Ẹ ṣeun gan-an, bàbá ẹ̀ ti ka gbogbo ẹ̀, wọ́n ti ń wọ bàtà. Tí X-ray bá wá ní kò sí nǹkan ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ sọ fún dókítà pé lápá àtàǹpàkò ló ti ń dùn ún. Eegun kékeré kan wà níbẹ̀ tó lè dá kí X-ray ọjọ́ àkọ́kọ́ má fi hàn, wọ́n lè ṣì di ọwọ́ náà kí wọ́n tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Tó bá jẹ́ Èkó lẹ wà, ọsibítù eegun wà ní Igbóbì, àmọ́ ibi tó bá sún mọ́ yín tó ní X-ray ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí.