Èsì: Ta ló ń ṣe ìsìn nínú àpótí ẹja? (lórí "ilé-ìsìn ẹja", "ẹja awo" àti "ẹja oníwàrà")

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Houston ti gbé àkójọ ọ̀rọ̀ tuntun wọn síwájú wa ni mo ti ń ka èsì kọ̀ọ̀kan láìfọhùn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: wọ́n ń kọ ìwé pélébé kan tí yóò kọ́ àwọn èèyàn wa bí a ṣe ń sin discus, ẹja pẹlẹbẹ róbótó kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, nínú ilé títí yóò fi bímọ, wọ́n sì ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún un. "Ilé-ìsìn ẹja" ni àpótí dígí tí ẹja ń gbé. "Ẹja awo" ni discus fúnra rẹ̀. "Ẹja oníwàrà" ni wọ́n tún pè é, nítorí pé ara òbí ni ọmọ rẹ̀ ti ń jẹun. Gbogbo ilé kí wọn kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi náà kí wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn há mi lọ́fun bí eegun ẹja.

Ilé ìsìn! Ẹ̀gbọ́n, ilé ìsìn ni ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìsìn ni mọ́ṣáláṣí. Bí mo bá sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ gbé ilé-ìsìn ẹja sí pálọ̀, yóò bi mí pé èwo nínú wọn ni pásítọ̀. Ẹ ti dáhùn pé "ì-" jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ, pé kò sí òfin gírámà tó ní kó má bá "sìn" rìn níbí. Lóòótọ́ kò sí. Àmọ́ àga yẹn ti ní ẹni tó jókòó lé e. Ìsìn ti di ti Ọlọ́run àti òrìṣà. Ọ̀sìn ló ni ewúrẹ́, adìẹ àti ẹja. "Sìn" kan náà ló bí àwọn méjèèjì, àfòmọ́ ló pín ogún fún wọn, ìpín náà sì ti pẹ́ kí wọ́n tó bí èmi àti ẹ̀yin. Ohun tá a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ẹran ọ̀sìn, adìẹ ọ̀sìn, ẹja ọ̀sìn: ta ni kò gbọ́ ìyẹn rí? Bí ẹ bá ń wá orúkọ fún àpótí náà, "àpótí ẹja" wà ńlẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta á gbọ́ ọ.

Ibí yìí ni àbúrò wa tó ń kọ́ni ní Ìbàdàn ti já wọlé, tó ní ká máa kọ "sìn ẹja" pẹ̀lú àmì ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé à ń sin òkú ẹja. Àbúrò, ṣé ẹ máa ń kọ "rà iṣu"? Ṣé ẹ máa ń kọ "tà aṣọ"? Tí ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan bá ní ohùn ìsàlẹ̀, tí àbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn àárín là ń pè é: ra iṣu, ta aṣọ, sin ẹja. Ìgbà tí arọ́pò-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ máa ń padà yọjú. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ fún yín láìṣini lọ́nà pé, ẹni tó bá kó discus sínú omi tuntun, bó ṣe ń sìn ín lónìí ni yóò máa sin ín lọ́la.

Mi ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó ń pa ẹja àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́ kù sí ìsàlẹ̀ ń di amóníà, májèlé gidi ni. Bakitéríà kan ní láti kọ́kọ́ gbilẹ̀ nínú fóòmù fílítà (ẹ̀rọ tí omi àpótí ń gba inú rẹ̀ kọjá) àti lára dígí, kó máa sọ amóníà di nitrite. Májèlé ni nitrite náà, òmíràn ni yóò sọ ọ́ di nitrate, èyí tí ẹja lè fara dà níwọ̀nba títí a ó fi yí omi padà. Kí bakitéríà wọ̀nyẹn tó jókòó dáadáa, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nígbà púpọ̀. Nínú ìwé ẹ̀gbọ́n wa, gbólóhùn kan péré ló bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, ojú ewé méjì gbáko sì lọ sórí ìtumọ̀ "ìsìn".

Ìdí kan náà ni mi ò fi gba "asẹ́" tí ẹnì kan dábàá fún fílítà. Asẹ́ ni à ń fi sẹ́ ògì. Ó dá èérí dúró, ó parí. Fílítà àpótí ẹja ń dá èérí dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé bakitéríà ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Asẹ́, ẹ óò fọ̀ ọ́ lábẹ́ ẹ̀rọ omi títí yóò fi mọ́ tónítóní. Bí ẹ bá fọ fóòmù fílítà bẹ́ẹ̀, klorín inú omi ẹ̀rọ á pa gbogbo ohun tó ń gbé inú rẹ̀, ẹja á sì tẹ̀ lé wọn. Inú omi tí ẹ bu láti inú àpótí náà lẹ ti máa fún un. Orúkọ tó ń kọ́ni ní àṣà tó ń pa ẹja kì í ṣe orúkọ. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ fílítà.

Ó kan "ẹja awo". Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò fi àmì sí i rárá, ẹ ní kọ̀ǹpútà ni kò jẹ́. Kí ni ká kà á sí? Ẹja awo, tí babaláwo ń bọ? Ẹja àwọ̀? Mo mọ̀ pé àwo lẹ ní lọ́kàn, nítorí ohun pẹrẹsẹ róbótó tí àwọn Gíríìkì ń jù nínú eré ìdíje ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Heckel, onímọ̀ ẹja tó wà ní Vienna, ló sọ ẹja tí wọ́n kó wá fún un láti Rio Negro, odò kan ní Brazil, lórúkọ Symphysodon discus ní 1840. Ó wo ara rẹ̀, ó rí àwo. Kò burú fún Heckel. Fún Yorùbá ńkọ́? "Ẹja àwo", ẹja inú àwo, èyí tí wọ́n bù síwájú àlejò pẹ̀lú ẹ̀kọ. Ẹ tiẹ̀ tún rò ó wò!

Ẹ lọ sí ọjà Olúwò ní Ẹ̀pẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta ẹja. Epìyà ni wọn yóò pe tilapia fún yín. Ìdílé Cichlidae kan náà ni epìyà àti discus ti wá. Ẹ wo ìlà tó wà lára wọn, ẹ wo bí àwọn méjèèjì ṣe ń tọ́jú ọmọ, ẹ óò rí àjọbí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo dá "epìyà pẹlẹbẹ" lábàá. Pẹlẹbẹ ti gbé àwòrán náà wá láìsí wàhálà àmì, torí ohùn àárín ni gbogbo rẹ̀, kọ̀ǹpútà Houston kò ní rí nǹkan kan bàjẹ́ níbẹ̀. Màmá wa ará Ìjẹ̀bú ti ní ọbẹ̀ ni epìyà wà fún, pé ẹja olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ irú orúkọ yẹn. Màmá, ẹ má bínú, owó kì í yí ẹbí padà.

Ẹnì kan tún gba ọ̀nà Brazil wọlé, ó ní ẹ̀rí wà pé àwa la kọ́kọ́ sọ ẹja yìí lórúkọ, nítorí pé acará-disco ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, pé àkàrà wa ni acará. Inú mi ì bá dùn bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Acarajé tí àwọn obìnrin Bahia ń dín nínú epo pupa, tiwa ni, kò sí àríyànjiyàn. Acará tó jẹ́ ẹja, èdè Tupi ló ti wá, èdè àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí ọkọ̀ òkun kankan tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n jọra lójú, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìgbéraga nínú èdè ẹni dára, ṣùgbọ́n ká má jí ti ẹlòmíràn kún un.

Ní báyìí, "oníwàrà", èyí tó ń fa ìjà jù. Ohun tí ẹja yìí ń ṣe yani lẹ́nu, mo gbà. Takọtabo wọn á jọ nu ojú ibì kan tó dúró ṣánṣán, igi ni o, ewé ni o, tàbí amọ̀ onísóńsó tí olówò ẹja gbé sínú omi fún wọn. Abo á yé ẹyin lé e, akọ á tẹ̀ lé e. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ẹyin á pa. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mélòó kan sí i, àwọn ọmọ á já kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ mọ́, wọ́n á wọ́ tọ òbí lọ, wọ́n á máa já ikun ara òbí, ohun yíyọ̀ tó bo awọ rẹ̀, jẹ. Ìyá àti bàbá ni o! Bí ọmọ bá jẹ lára ìyá títí, ìyá á fi ara gbọ̀n wọ́n, bàbá á gbà wọ́n. Ìwádìí tí Buckley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2010 fi hàn pé èròjà inú ikun náà ń yí padà bí ọmọ ṣe ń dàgbà, àti pé ní ọ̀sẹ̀ kẹta òbí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọmọ.

Ibo ni wàrà wà nínú èyí? Wàrà ni ohun tí à ń fún lára màlúù, èyí tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá. "Oní-" sì ń tọ́ka sí ẹni tó ni nǹkan tàbí ẹni tó ń tà á: oníwàrà ni ìyá tó ń polówó lọ́sàn-án. Àwọn àgbà wa sin ẹyẹlé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Takọtabo ẹyẹlé náà ń pọ oúnjẹ kan láti ọ̀nà ọ̀fun wọn fún ọmọ, prolactin, èròjà inú ara tó ń mú wọn ṣe é, ni àwọn onímọ̀ rí lára discus náà. Ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ rí lẹ́nu bàbá wa àgbà pé "ẹyẹ oníwàrà"? "Ó ń bọ́ ọmọ rẹ̀" ni wọ́n máa ń wí. Ẹni tó dá "afarabọ́mọ" lábàá nínú èsì rẹ̀ ló súnmọ́ ibi tí mo ń lọ: a-fi-ara-bọ́-ọmọ, àfòmọ́ náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìpajẹ (fáwẹ́lì tí a gé kúrò) náà gún. Kìkì kí ẹ má gbàgbé àmì orí "bọ́" o, kó má di pé ẹja náà ń fara bọ ọmọ bí ẹni ń bọ Ògún.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa rí i pé ọ̀rọ̀ ń le, wọ́n ní bàbá àwọn mọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ èdè-ìperí, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní èdè Yorùbá. Ọlá bàbá ni. Ìwé Èdè-ìperí tí Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wà lọ́wọ́ èmi náà, ọ̀rọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìkọ́ni ló dá lé. Kò sí ẹja níbẹ̀. Ẹni tó ti ki ọwọ́ bọ omi náà ló yẹ ká kọ́kọ́ bi.

Bí àpẹẹrẹ, "omi líle" tí ẹ̀gbọ́n wa kọ sínú ìwé wọn fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hard water. Ọtí líle la mọ̀. Ìyá mi àgbà mọ irú omi yẹn, ó máa ń sọ nípa kànga kan ládùúgbò wa pé "ọṣẹ kì í hó níbẹ̀". Omi ẹ̀rọ London tí mò ń gbé yìí rí bẹ́ẹ̀, ẹfun inú ilẹ̀ ló kún inú rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù. Discus tó ti dàgbà lè gbé inú rẹ̀ bí ẹ bá mú un lọ́wọ́ọ́wọ́, 28°C sí 30°C, ṣùgbọ́n ẹyin kì í sábà pa níbẹ̀, ẹ ní láti ti omi náà kọjá nínú ẹ̀rọ tó ń yọ iyọ̀ ilẹ̀ kúrò. Ẹ kọ "omi tí ọṣẹ kì í hó", ó gùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá kà á yóò lọ gbé ọṣẹ dán an wò.

Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ kí Màmá Ìjẹ̀bú dá mi lóhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí òbí bá ń sá fún ọmọ yẹn, ọmọ ènìyàn là ń já lẹ́nu ọmú. Discus kò ní ọmú, kí ni ká wá pe tirẹ̀? Mo ti wo "já lẹ́nu" nìkan, ó dà bí ìjánu ẹṣin. Mo wo "gbà lẹ́nu", ó dà bí olè. Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ má tíì fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé o.