Lórí “apárora”: oògùn yìí kì í pa ìrora, ṣe ló ń sé e

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Òde kọ ọ́ síbí níjẹta pé ká máa pe àwọn oògùn ìrora líle, morphine, codeine, tramadol àti gbogbo ẹbí wọn, ní “apárora”. Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò lè bá wọn pa á. Ẹ̀gbọ́n, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́: ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ohùn. “Pa” kò ní àmì òkè. Tí a bá so ó mọ́ “ìrora”, ì á já, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sórí “pa”, bó ṣe bọ́ sórí “kọ” nínú “akọ̀ròyìn” àti sórí “ṣe” nínú “òṣèlú”. “Apàrora” ni ì bá jẹ́. Èyí tí ẹ kọ yẹn, apá ló wà níbẹ̀, apá tó ń ro. Ìyá àgbà tó bá gbọ́ ọ ní Ìpẹru á na apá rẹ̀ sí yín, á ní ibí gan-an ló ti ń ro òun. Ẹni tó sì dá sí i lánàá pé àmì ohùn kò ṣe pàtàkì, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ti ẹnu ọmọ Rẹ́mọ jáde.

Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ tún àmì ṣe, “pa” gan-an ni mo ń bá jà.

Nígbà tí bàbá mi ń ṣàìsàn, jẹjẹrẹ ti wọ eegun ẹ̀yìn wọn. Oníṣòwò obì ni wọ́n ní Ṣàgámù, ọkùnrin tó máa ń fúnra rẹ̀ gbé agbọ̀n obì sọ́kọ̀ nígbà tára le. Tó bá ti di pé ká yí wọn padà lórí ibùsùn, igbe ni. Omi morphine ni wọ́n ń mu, èmi ni mò ń fi sírínjì wọ̀n ọ́n ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹta mo bi wọ́n pé, “Bàbá, ṣé ìrora náà ti lọ?” Wọ́n mi orí. “Kò lọ ibì kankan. Ó jókòó síbẹ̀ yẹn, mò ń wò ó. Kò kàn bá mi jà mọ́ ni.” Wọ́n ní kí n mú obì kan wá. Wọ́n fi èékánná là á, wọ́n di àwẹ́ kan mú lọ́wọ́, wọn ò jẹ ẹ́.

Ọdún 31 ni mo fi wọ aṣọ nọ́ọ̀sì. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé oògùn yìí tó báyìí. Ọgbẹ́ kì í dá ro. Iṣan ló ń gbé ìròyìn rẹ̀ wọnú ọ̀pá ẹ̀yìn, á fà á lé iṣan mìíràn lọ́wọ́ níbẹ̀, ìyẹn á wá gbé e gòkè lọ sí ọpọlọ. Níbi tí ọ̀kan ti ń fà á lé èkejì lọ́wọ́ yìí ni àwọn àga kéékèèké wà, ìyẹn ibi tí oògùn ti ń dì mọ́ iṣan, tí òyìnbó ń pè ní “receptor”. Tí morphine bá ti jókòó sórí wọn, iṣan tó ń bọ̀ kò ní lè tú ohun tó fi ń jíṣẹ́ sílẹ̀ dáadáa mọ́, èyí tó yẹ kó gbà á náà á sì dákẹ́. Láti inú ọpọlọ lókè, àṣẹ á tún máa sọ̀ kalẹ̀ pé kí wọ́n ti ibodè. Ọgbẹ́ ṣì ń ké o. Igbe rẹ̀ ni kò dé ibi tó ń lọ.

Nítorí ti popi, òdòdó tí wọ́n ti ń rí morphine, kọ́ ni àga wọ̀nyẹn ṣe wà lára wa. Ní 1973 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Candace Pert àti Solomon Snyder, fi wọ́n hàn ní yunifásítì Johns Hopkins, ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà. Ní 1975, John Hughes àti Hans Kosterlitz ní Aberdeen, ní Scotland, rí ohun tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti jókòó sórí wọn. Àlejò ni morphine, àga onílé ló gbà.

Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Ìjẹ̀bú ni yín. Kí òyìnbó tó fi ogun Ìmàgbọn ṣí ọ̀nà ní 1892, ta ni í kó ẹrù láti èbúté gba ilẹ̀ wa lọ sí Ìbàdàn láìrí oníbodè? Tí oníbodè bá ti bodè, ṣé ó pa ẹrù ni? Ẹrù ń bẹ lẹ́yìn ibodè, ó ń ga sí i.

Ìdí nìyí tí mo fi ń dábàá “asérora”. “Sé” ní ohùn òkè tirẹ̀, kò ní gba ohùn ìsàlẹ̀ ì, bí “kó” kò ṣe gbà á nínú “akóròyìnjọ”. À ń sé ọ̀nà, à ń sé odò, odò tí a sé kò sì gbẹ. A tún ń sọ pé èémí sé, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti dára jù lójú mi, torí pé irú àga kan náà wà nídìí ọpọlọ níbi tí mímí ti ń gba àṣẹ. Tí oògùn náà bá pọ̀ jù, èémí ló ń sé, òun ló sì ń pa ènìyàn. Àga náà wà nínú ìfun pẹ̀lú, ọjọ́ márùn-ún ni bàbá mi fi jókòó lásán sórí póò. Ibuprofen yàtọ̀, ìdí ọgbẹ́ ló ti ń dènà ohun tó ń mú un ta. Tí ẹ bá fẹ́ fi “pa” fún ìyẹn, mi ò ní bá yín jà.

“Amóorunwá” tí ẹnì kan mú wá nítorí pé Sertürner, apòògùn ará Jámánì, fi orúkọ òrìṣà àlá àwọn Gíríìkì sọ morphine, orúkọ òyìnbó ló ń túmọ̀, kì í ṣe iṣẹ́ oògùn.

Àbúrò wa kan tún sọ pé “ó dùn” àti “ó dùn mí” ti ara kan náà wá, torí pé oògùn kan náà ló ń dá ìrora dúró tó sì ń tú dopamine, ohun tí ọpọlọ fi ń jíṣẹ́ adùn, sílẹ̀ nínú ọpọlọ kí ara lè yá gágá. Ìrònú yẹn wù mí, ṣùgbọ́n girama kò gbè é. Adùn ní “mọ́”: ó dùn mọ́ mi. Ìrora kò ní in: ó dùn mí. Àwọn àgbà tó tọ́ mi kò ṣi èyí lò rí. Tó bá ní ẹ̀rí mìíràn, kó mú un wá.

Ó ku “aporó”, orúkọ tí Ẹ̀gbọ́n fún naloxone, oògùn tó ń lé morphine kúrò lórí àga. Èyí ló dùn mí jù. Kí ìjọba tó fòfin de omi ikọ́ oní-codeine ní 2018, wọ́n gbé ọmọ ọdún 19 kan wá bá wa lóru. Ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì bí ojú abẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló ń mí ní ìṣẹ́jú kan. A fún un ní naloxone, ó jí, ó ní ta ló ń gbá òun létí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Ẹ ti fún un ní aporó, májèlé ti kú, à ń gbé e lọ sílé.” Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Morphine tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe látinú codeine ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, naloxone kàn gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ ni, kì í sì í pẹ́ dìde. Kò tó wákàtí kan, èémí ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà. A tún gún un lábẹ́rẹ́, a jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún naloxone. Ẹni tó bá ní, kó jọ̀wọ́ mú un wá, kí “pa” má ṣe sí níbẹ̀.