Ẹ̀bi ni wọ́n ń ná ní kóòtù Amẹ́ríkà, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín.

Mo ti ka àkójọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ni lédè ní Ìlọrin fi ránṣẹ́ sí wa, èyí tí wọ́n fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa lò bí wọ́n bá ń kọ́ nípa bí Amẹ́ríkà ṣe ń mú afurasí, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ẹni tó bá jẹ̀bi. Wọ́n ṣiṣẹ́ gan-an, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun níbẹ̀. Ohun tí àwọn Amẹ́ríkà ń pè ní plea bargain, ìyẹn ni pé kí olùjẹ́jọ́ gbà pé òun jẹ̀bi kí ìjọba lè dín ẹ̀sùn tàbí ìjìyà rẹ̀ kù, ẹ̀gbọ́n ní kí a máa pè é ní "ìdúnàádúrà ẹ̀bẹ̀".

Ẹ̀bẹ̀ wo? Ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ ti gbà tán pé òun ṣẹ̀, àánú ló kù tó ń wá. Gẹ̀ẹ́sì ló ṣi ẹ̀gbọ́n lọ́nà, wọ́n gbọ́ plea, wọ́n rántí ẹni tó kúnlẹ̀. Ní kóòtù, èsì sí ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá tó bí bàbá mi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ títí ó fi darúgbó. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi olùjẹ́jọ́ ni pé, "O jẹ̀bi, àbí o ò jẹ̀bi?" Wọn ò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ni ẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹ tú "jẹ̀bi" wò: jẹ, ẹ̀bi. Ẹ tú "dá lẹ́bi", ẹ̀bi náà lẹ máa bá níbẹ̀. Fáwẹ̀lì ìparí àti ohùn orí rẹ̀ ló ya ẹ̀bi sọ́tọ̀ sí ẹ̀bẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn sì tóbi. Ìdúnàádúrà ẹ̀bi ni kí a kọ, kí a sì fi àmì sí i dáadáa, torí ẹbí ni ẹlòmíràn máa kà bí àmì ò bá sí níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní kí ló kàn mí tó báyìí. Ohun tó kàn mí ni pé ẹ̀bi gan-an ni ọjà tí wọ́n ń ná níbẹ̀. Láti 1791 ni òfin ilẹ̀ wọn ti fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn lẹ́tọ̀ọ́ sí júrì, àwọn ará ìlú tó ń pinnu bóyá ó jẹ̀bi, ohun tí fíìmù sì máa ń fi hàn wá nìyẹn: èèyàn méjìlá jókòó, agbẹjọ́rò ń rojọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wọn ń sọ̀rọ̀ lórí èyí ní 2012, wọ́n kà á pé nínú 100 ìdálẹ́bi ní kóòtù ìjọba àpapọ̀, 97 ló jẹ́ pé olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ ló ní òun jẹ̀bi. Ní kóòtù àwọn ìpínlẹ̀, 94 ni. Júrì ò rí ọ̀pọ̀ ẹjọ́ wọ̀nyí rárá.

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ Paul Hayes ní Kentucky. Ayédèrú ìwé sọ̀wédowó ni wọ́n ní ó lò, dọ́là 88 àti sẹ́ǹtì 30. Agbẹjọ́rò ìjọba ní kó gbà pé òun jẹ̀bi, òun á sì ní kí wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ó ní bí kò bá gbà, òun á fi òfin àwọn tó ti jẹ̀bi ọ̀ràn ńlá lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀ mú un. Hayes kọ̀. Júrì dá a lẹ́bi, ó gba ẹ̀wọ̀n gbére. Ní 1978, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní agbẹjọ́rò náà ò rú òfin. Ta ló bẹ ta nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìjọba ló kọ́kọ́ dá iye lé ẹ̀bi ọkùnrin náà, nígbà tí kò tà á, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Àbúrò wa tó wà ní Houston gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, ó pa á lówe pé ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ ní ìkúnlẹ̀. Ó tún ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ni òun ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé òun mọ̀ ọ́n ju àwa tó wà nílé lọ. Ó lè mọ òfin wọn jù wá lọ, ṣùgbọ́n èdè la wá sọ níbí, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ìrìnnà gba ipò àgbà. Òwe tó pa, "ẹni tó mọ̀" ló fi bẹ̀rẹ̀. Henry Alford ńkọ́? Ní North Carolina ní 1963, wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án, ikú sì lè jẹ́ ìjìyà rẹ̀. Ó dìde ní kóòtù, ó ní òun ò pa ẹnikẹ́ni, àmọ́ òun gbà láti jẹ̀bi ẹ̀sùn tó rọjú díẹ̀ nítorí ẹ̀rù ikú. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fún un, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní 1970. Ọkùnrin yìí ò kúnlẹ̀, kò mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kò bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bi nìkan ló gbé sílẹ̀. Irú rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù wọn títí dòní, orúkọ Alford ni wọ́n sì fi ń pè é. Kí ni àbúrò fẹ́ fi ẹ̀bẹ̀ ṣe níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣì kù. "Ètò ìdájọ́ ọ̀daràn" tí ẹ̀gbọ́n fi pe criminal justice system ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀- iwájú yẹn ti sọ ọ́ di ẹni tó dá a, bẹ́ẹ̀ òfin wọn ka olùjẹ́jọ́ sí aláìjẹ̀bi títí ìjọba á fi fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀. "Ètò ìdájọ́ ọ̀ràn" tó.

"Ìdásílẹ̀" tí ẹ̀gbọ́n fi pe probation (àmójútó dípò ẹ̀wọ̀n) àti parole (ìtúsílẹ̀ lábẹ́ àmójútó kí ẹ̀wọ̀n tó pé) pa pọ̀ ò lè dúró. Ní 1841, John Augustus, oníṣẹ́ bàtà ní Boston, gba béèlì ọ̀mùtí kan ní kóòtù kí wọ́n má baà fi í sẹ́wọ̀n, ó sì ń mójú tó o. Ibẹ̀ ni probation ti ṣẹ̀. Ẹni tí kò wọ ẹ̀wọ̀n, ibo la ti fẹ́ dá a sílẹ̀? Ẹni tó ti ṣe díẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀, irú àwọn tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Elmira ní New York bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀ lábẹ́ àmójútó lẹ́yìn 1876, òun ni ìdásílẹ̀ bá mu.

Ìyá wa ní Abẹ́òkúta ní kí a fi "túbú" pe jail. Ẹ má bínú, ìyá, mi ò gbà. Àtìmọ́lé ni jail, ti káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí ẹjọ́ ni, owó béèlì ni wọn ò ní. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Eastern State tí wọ́n ṣí ní Philadelphia ní 1829, níbi tí wọ́n ti ti kálukú mọ́ yàrá òun nìkan kó lè ronú pìwà dà, ibẹ̀ ni túbú. Mo mọ̀ pé ẹ máa dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n, Èkó ti fi ìdúnàádúrà yìí sínú òfin rẹ̀ láti 2007, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2015. Ohun tí ẹ bá kọ ni àwọn oníròyìn rédíò máa gbé sórí afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ẹ̀bẹ̀ rẹ́ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé.