Ẹ̀yin tí etí yín ń di, kí ló yí padà nínú iṣẹ́ ọwọ́ yín?

Ayàwòrán, Ìbàdàn:

Àwòrán tí kò lójú, tí kò nímú ni mò ń yà. Ọ̀dà, ìlà àti àyè òfìfo lásán. Wọ́n á ní kí ni mo yà? Ohun tí mò ń gbọ́ ni.

Ikọ́ ife tí kò gbọ́ oògùn ló ṣe mí. Abẹ́rẹ́ kanamycin ni wọ́n ń gún fún mi, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ní kí wọ́n yé lò ó ní 2018. Ikọ́ lọ, etí bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹnikẹ́ni ò yẹ etí mi wò títí abẹ́rẹ́ fi parí, inú ṣì ń bí mi sí i. Irun tíntìntín inú etí ni oògùn yẹn máa ń pa. Àwọn tó ń gbọ́ ohùn tíńrín ló ń kọ́kọ́ kú, wọn kì í sì í hù mọ́.

Nítorí náà, ayé ò dákẹ́. Ẹyẹ ló lọ, fèrè ló lọ. Nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn, s, ṣ, f àti t ló kọ́kọ́ sá. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló kù, bíi pé dùndún ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìyá mi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé òjò ti dá?" Mo dáhùn pé ó ku díẹ̀ nínú ìkòkò. "Ṣé ẹ̀wà ti tán?" ni mo gbọ́. Ẹ fi ẹnu kùn ún wò: mí dò dò re mí ni méjèèjì.

Ìyẹn ni mò ń yà. Ohùn ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ aró, àárín ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, òkè ní funfun. Ibi tó yẹ kí kọ́ńsónáǹtì wà, mo máa ń fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò títí kánfáàsì á fi hàn. Oníbàárà kan ní kí n bá òun dí àwọn ibi tí mo ha. Mi ò tà á fún un.

David Hockney, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ní 1979, ó sì kun ọ̀kan ní pupa, èkejì ní búlúù. Ó ní bí etí òun ṣe ń di ni ojú òun túbọ̀ ń rí àyè. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi ò mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọmọ onílù, Ọ̀yọ́:

Ẹ kú iṣẹ́. Ìlù ló ba etí bàbá tiwa jẹ́. Wọn ò gbọ́ ṣaworo, agogo wẹ́wẹ́ etí ìyáàlù wọn, mọ́. Ìka ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti já. Awọ ńkọ́? Ìhà ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá yín jà díẹ̀. Ìlà tó dúró gbagidi, tí kì í yọ́, gúdúgúdú nìyẹn! Ìyáàlù máa ń yọ́ ohùn. Láti "ṣé" bọ́ sí "òjò", ohùn ń yọ̀ bọ̀ nílẹ̀ ni, torí ọwọ́ òsì ń tú ọsán, okùn awọ ara ìlù, sílẹ̀. Kí lẹ fi ń ya ìyẹn?

Ayàwòrán, Ìbàdàn:

Òótọ́ ni, mi ò tíì rí i yà. Ọ̀dà máa ń gbẹ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì kó tó dé ìsàlẹ̀. Ẹ bá mi bi bàbá: ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń tú ọsán sílẹ̀, àbí díẹ̀díẹ̀?