Àpótí tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ láti oko kajú: kí ló ń fa ìdádúró?

Ọmọ Ìsánlú
Òkun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Nínú oko kajú kan lẹ́yìn Ìsánlú, a gbé àpótí 20 kọ́ sórí òpó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọn ọ̀rinrin ilẹ̀, ó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ lórí rédíò 868 MHz sí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń gbà á. Ìṣẹ́jú méjì-méjì ni wọ́n ń ránṣẹ́, ìránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àpótí tí kò bá gbọ́ èsì yóò tún un rán lójú ẹsẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iṣẹ́ ń lọ déédéé. Nígbà tí òjò dé, ìròyìn àárọ̀ kì í dé títí di ọ̀sán, nígbà tí a sì sọ àpótí di 40, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tó ń dé mọ́. Ṣé agbára rédíò ni kò tó ni, àbí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pín ojú afẹ́fẹ́ (ìgbì rédíò kan náà tí gbogbo wọn jọ ń lò) lò?

Olùkọ́ Kàbà
Òkun, àbúrò mi. Ọ̀nà náà ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí kálukú máa ránṣẹ́ nígbà tó bá wù ú ni Norman Abramson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Hawaii, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1971 lábẹ́ orúkọ ALOHA. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé ìránṣẹ́ tó dé láìfarapa kò lè gbà ju 0.184 nínú àkókò ojú afẹ́fẹ́ lọ, nítorí pé ìránṣẹ́ kan lè kọlu èyí tó ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ó sì tún lè kọlu èyí tó bẹ̀rẹ̀ kó tó parí. Bí gbogbo wọn bá ní aago kan náà, tí wọ́n sì ń dúró de ìbẹ̀rẹ̀ àkókò tí a là sílẹ̀, òdiwọ̀n náà á di 0.368. Àpótí 20 yín ń gbé nǹkan bí 0.167 wá (ìṣẹ́jú-àáyá 20 nínú 120), ẹ ti wà létí bèbè tẹ́lẹ̀. 40 ń gbé 0.333. Bí ohun tó ń wọlé bá ti ju ohun tó ń jáde lọ, ìlà ìròyìn tó ń dúró nínú àpótí á máa gùn ṣáá ni, áńténà ńlá kò sì lè wò ó sàn.

Ọmọ Mopa
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fún òjò náà ní ipò tirẹ̀. Ewé kajú tó rin gbingbin máa ń gba nínú agbára ìgbì, ìgbì tó ń ta padà lára àpáta àti igi sì máa ń pàdé ara wọn, wọ́n á gbe ara wọn níbì kan, wọ́n á pa ara wọn níbòmíràn. Ní 868 MHz, ìgbì kan gùn tó nǹkan bíi 35 cm, nítorí náà sísún àpótí ní 17 cm péré lè gbé e kúrò níbi tó ti kú. Ká ní ìránṣẹ́ kan nínú márùn-ún rẹ̀wẹ̀sì débi pé ẹ̀rọ kò lè kà á, síbẹ̀ tó ṣì lágbára tó láti ba ti ẹlòmíràn jẹ́, 0.184 á di 0.147, ìyẹn kò sì tó 0.167 mọ́.

Bí méjì bá kọlura, tí ọ̀kan sì lágbára gan-an ju èkejì lọ, ẹ̀rọ ṣì lè gbọ́ alágbára náà, àròpọ̀ ohun tó ń dé á sì lè pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àpótí tó jìnnà ni yóò máa ru ìyà ìdádúró, ìyẹn ni n kò fi gbẹ́kẹ̀ lé ìṣirò ìpíndọ́gba nìkan. Ojú afẹ́fẹ́ tó ń bàjẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ń dára fún ọ̀kan, kò rí bí èyí tó bàjẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó sì dára fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí ìpíndọ́gba wọn tilẹ̀ dọ́gba. Nínú èkejì, ìròyìn 15 á ti kó jọ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, bí òjò bá sì dá, gbogbo wọn á jọ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé kí àpótí kọ́kọ́ máa tẹ́tí sí ẹ̀rọ, kó sì ránṣẹ́ kìkì nígbà tó bá gbọ́ ọ dáadáa?

Olùkọ́ Kàbà
Ó lè dín ìfiṣòfò kù, àmọ́ bí gbogbo àpótí bá ń dúró de àkókò dídára kan náà, ìkọlura á tún pọ̀. Ẹ jẹ́ kí àpótí tí kò gbọ́ èsì dúró fún àkókò tí kò ní ìwọ̀n kan pàtó, kí gbèdéke ìdúró náà sì di ìlọ́po méjì nígbàkígbà tó bá kùnà. Ọ̀rinrin ilẹ̀ kì í yí padà kíákíá, nítorí náà ẹ máa ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá: 40 náà á wá gbé 0.067 wá. Èyí tó tuntun jù lọ nìkan ni kí àpótí tọ́jú, kó pa ti àtijọ́ rẹ́.